Ẹ̀rọ ní ká ra díẹ̀, ọ̀gá ọjà ní ká ra púpọ̀: ọ̀rọ̀ ta ni kó borí?

Ọmọ_Ìlúpéjú kọ ọ́ pé:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ń bójú tó ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, níbi tí a ti ń pín tòmátò inú agolo, mílíìkì àti òróró fún àwọn alátagbà ní Muṣin, Oyíngbò àti Ìdúmọ̀tà. Àwọn ọ̀gá wa ra ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń wo gbogbo àkọsílẹ̀ ọjà tí a ti tà sẹ́yìn, tó sì máa ń gbé àbá síwájú wa ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé nípa iye páálí tó yẹ kí a rà. Kì í dá ọjà rà fúnra rẹ̀ o. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì kí ìwé ìrajà tó jáde.

Nígbà tí Iléyá ọdún 2025 ń bọ̀, ẹ̀rọ ní kí a ra páálí tòmátò 600. Ọ̀gá tó ń darí àwọn tó ń bá wa tajà, tó ti wà lẹ́nu òwò yìí kí n tó jáde ilé-ìwé, ní 1,800 ni òun fẹ́, kò sì lè ṣàlàyé ju pé òun mọ ọjà lọ. Wọ́n fà á títí, ọ̀gá àgbà wá bù ú sí àárín, a ra 1,200, gbogbo rẹ̀ sì tán nígbà tí ọdún ṣì ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má tíì máa yìn ín jù o, nítorí pé ọkùnrin yìí kan náà ló fi dandan lé e ní oṣù Kejìlá tó tẹ̀lé e pé kí a kó mílíìkì jọ, mílíìkì náà ṣì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára sì ti fẹ́ pé.

Ọ̀gá àgbà ti wá ní kí n kọ ìlànà kan wá: tí ẹ̀rọ àti ènìyàn bá takora, ọ̀rọ̀ ta ni kó borí? Ó tún fẹ́ kí ètò yìí máa sọ fún wa irú alátagbà tí a lè fún ní ọjà àwìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Oníṣirò_Yábàá fèsì pé:

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ní Yábàá nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí a tó bèèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò borí, ó yẹ kí a wo irú ìpinnu tí a ní lọ́wọ́. Ní 1971, àwọn onímọ̀ méjì ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, Anthony Gorry àti Michael Scott Morton, kọ àpilẹ̀kọ kan tí a kò tíì pa tì títí di òní. Wọ́n ní àwọn ìpinnu kan wà tí ọ̀nà wọn là kedere, tí ẹ̀rọ lè dá ṣe. Àwọn kan wà tí kò sí ìlànà kankan tí a lè tẹ̀ lé, bí ìgbà tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ yan ọ̀gá tuntun. Àwọn kan sì wà láàárín, tí apá kan wọn jẹ́ ìṣirò, tí apá kejì jẹ́ làákàyè. Àárín yìí gan-an ni irú ètò yín yìí, tí a ń pè ní ètò aṣèrànwọ́ ìpinnu, ti wúlò jù: ẹ̀rọ yóò ṣírò, ènìyàn yóò fi ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀ kún un. Òróró tí ẹ ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí iye rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má fi ìpàdé ṣòfò lé e lórí. Tòmátò Iléyá kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo rò pé mo mọ ibi tí ẹ̀rọ yín ti mú 600 wá. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ní 2023, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ní 2024, àti ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ní 2025, torí pé ọdún tí a ń fi òṣùpá kà kúrú ju ti kàlẹ́ńdà ara ògiri lọ ní nǹkan bí ọjọ́ 11. Tí ètò yín bá ń fi ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Karùn-ún ọdún yìí wé ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ tí ọjà dákẹ́ ló ń fi wọn ọ̀sẹ̀ tí ọjà gbóná. Kérésìmesì kì í ṣí kúrò lójú kan, ìdí nìyẹn tí irú ètò bẹ́ẹ̀ fi máa ń dà bí ọlọ́gbọ́n nínú oṣù Kejìlá, tí ojú rẹ̀ sì máa ń fọ́ nígbà ààwẹ̀ àti Iléyá. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín bóyá àyè wà láti kọ ọjọ́ àjọ̀dún sínú rẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ yọ àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn kúrò lábẹ́ àṣẹ ẹ̀rọ pátápátá.

Èkejì le ju ìyẹn lọ. Ẹ ní páálí 1,200 tán nígbà tí ọdún ku ọ̀sẹ̀ kan. Kí ni ẹ̀rọ wá kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ náà? Òdo ni. Àwọn oníbàárà ń wá, wọ́n ń padà lófo, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò rí wọn. Ohun tí a tà nìkan ló ń rí, kò rí ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Ní ọdún tó ń bọ̀, yóò ka òdo yẹn mọ́ ìṣirò rẹ̀, yóò sì ní kí ẹ ra ohun tó kéré sí bó ti yẹ, ẹ óò tún rà á, yóò tún tán. Bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ́ ara rẹ̀ ní irọ́ nìyẹn. Ẹ wá ọ̀nà tí àwọn tó ń bá yín tajà yóò fi máa kọ orúkọ ẹni tó béèrè ọjà tí kò rí i, kí ẹ sì sàmì sí gbogbo ọjọ́ tí ọjà kan kò sí nílẹ̀, kí ètò náà má baà ka ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ẹ.

Alátagbà_Bàlógùn fèsì pé:

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Bàlógùn ni mo ti ń tajà, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo sì ti kọ́ ọ. Màmá kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Ìwé gbọọrọ kan ni wọ́n ní, tí wọ́n fi rọ́bà dè. Orúkọ oníbàárà wà nínú rẹ̀, ohun tí oníkálukú rà, ìgbà tó san owó, àti àmì kékeré kan tí àwọn nìkan mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó máa ń ṣe owó kùmọ̀kùmọ̀. Ọjà kò sì wọ́n wọn lọ́wọ́ nígbà ọdún, bẹ́ẹ̀ ni kò kú sí wọn lọ́rùn. Ọ̀gá ọjà tí Ọmọ Ìlúpéjú ń pè ní ẹni tí kò lè ṣàlàyé, ó ṣeé ṣe kó ti rí nǹkan márùn-ún tí kò ní orúkọ. Kí ló dé tí a óò fi máa san owó fún ẹ̀rọ tí kò mọ ìgbà tí Iléyá bọ́ sí?

Bàbá_Màrínà fèsì pé:

Ọmọ mi tó ń tajà ní Bàlógùn, mo kí ọ. Ìwé ìyá rẹ yẹn gan-an ni ètò aṣèrànwọ́ ìpinnu. Kò ní iná mànàmáná nínú ni. Ó pa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ mọ́, ó tò ó lọ́nà tí ojú lè tètè rí i, ó sì sàmì sí ibi tí ewu wà. Màmá wá fi ti ara wọn kún un kí wọ́n tó dá oníbàárà lóhùn. Ohun tí ìwé náà kò lè ṣe ni kí màmá wà ní ṣọ́ọ̀bù ogójì lẹ́ẹ̀kan náà, kí àmì tí àwọn nìkan mọ̀ sì yé ẹlòmíràn nígbà tí wọn kò bá sí níbẹ̀.

Báǹkì ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, ní òpópónà Broad. Ohun kan tí mo rí níbẹ̀ bá ohun tí Herbert Simon kọ mu. Ará Amẹ́ríkà ni, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 1978, nítorí iṣẹ́ tó ṣe lórí bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń pinnu. Ó ní ìpinnu kì í ṣe ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tí ọ̀gá fọwọ́ lu tábìlì. Ènìyàn yóò kọ́kọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Yóò wá ro onírúurú ọ̀nà tó lè gbà. Ìgbà náà ni yóò tó mú ọ̀kan. Ó tún ní orí ènìyàn kò lè gba ohun gbogbo rò, nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tó bá ti dára tó fún wa la sábà máa ń mú, kì í ṣe èyí tó dára jù. Gbogbo ariwo yín lórí 600 àti 1,800, ìpele tó kẹ́yìn ló wà. Ta ló bèèrè bóyá a lè rà á lẹ́ẹ̀mejì, kí a ra 900 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí a sì gba àdéhùn lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe tòmátò náà pé a lè mú 900 mìíràn tí ọjà bá gbóná? Ẹ̀rọ kò ní sọ ìyẹn fún yín, nítorí pé iye ni wọ́n kọ́ ọ láti máa sọ.

Nígbà tí a kò tíì ní kọ̀ǹpútà lórí tábìlì, akọ̀wé mi ló máa ń fi ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́ ṣe ìwé ẹni tó wá yáwó, ojú-ìwé kan lẹ́yìn òmíràn. Tí mo bá ní, "Tí èlé bá wá lọ sókè ńkọ́?", ojú rẹ̀ á korò, torí yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti orí. Ìdí nìyẹn tí ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ VisiCalc, tí Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé jáde ní 1979, fi gba ayé oníṣirò kan: o yí nọ́mbà kan padà, gbogbo ìyókù yí tẹ̀lé e. Ọmọ Ìlúpéjú, ǹjẹ́ ètò yín gba ìbéèrè "tó bá jẹ́ pé ńkọ́" rárá, àbí àṣẹ ló kàn ń pa?

Ọmọ_Ìlúpéjú fèsì pé:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Kò gba ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ohun tí mo ń rí. Orúkọ ọjà wà lọ́wọ́ òsì, lẹ́yìn rẹ̀ ni iye tó kù nílẹ̀, iye ọjọ́ tí ìyẹn lè gbé wa dé, àti iye tí ẹ̀rọ ní kí a rà, tí wọ́n fi lẹ́tà dúdú kìrìbìtì kọ. Bọ́tìnì aláwọ̀ ewé ńlá kan wà nísàlẹ̀ tó ń fọwọ́ sí gbogbo ọjà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí mo bá fẹ́ yí iye kan padà, mo gbọ́dọ̀ wá àwòrán pẹ́ńsù kékeré kan ní igun, àpótí kan yóò ṣí, yóò ní kí n mú ìdí kan nínú mẹ́rin. Ìdí tó kẹ́yìn ni "Òmíràn", òun sì ni gbogbo wa ń mú, nítorí kò béèrè àlàyé kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé náà kò ní jáde títí ọ̀gá mi yóò fi fọwọ́ sí ìyípadà náà. Tí mo bá gba ohun tí ẹ̀rọ sọ, kò sí ẹni tí yóò bi mí ní nǹkan kan.

Kóòdù_Ìkẹjà fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, bọ́tìnì yẹn ti kọ ìlànà yín kí ọ̀gá àgbà tó rán yín níṣẹ́. Ẹni tó gbà kò ní ìyọnu, ẹni tó kọ̀ ni yóò máa wá pẹ́ńsù ní igun tí yóò sì máa dúró de ọ̀gá. Ọjọ́ Ajé tí ọkọ̀ méjì ń já ẹrù lẹ́nu ọ̀nà, ta ni yóò kọ̀? Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọn yóò ní ẹ̀rọ àti ènìyàn ń fohùn ṣọ̀kan nínú ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ìgbà, wọn yóò sì pe ìyẹn ní ẹ̀rí pé ẹ̀rọ mọ iṣẹ́.

Mo ń kọ irú ètò báyìí, nítorí náà mo mọ̀ pé kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ṣe ètò kan ní yunifásítì Stanford tí wọ́n ń pè ní MYCIN, tó ń gba dókítà nímọ̀ràn lórí àrùn kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àti oògùn tó yẹ. Òfin bíi 600 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn jẹ́ "tí èyí bá rí báyìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tọ̀hún". Dókítà lè dá a dúró láàárín ọ̀rọ̀ kó bi í pé kí ló dé tí o fi ń béèrè èyí lọ́wọ́ mi, yóò sì fi òfin tó ń lò hàn án. Wọn kò fi tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ojoojúmọ́ rí, síbẹ̀ ẹ̀tọ́ láti bi ẹ̀rọ pé "kí ló dé?" ti wà láti ìgbà yẹn. Àwọn ètò tòde òní tó ń kọ́ ara wọn láti inú àkọsílẹ̀ kò ní òfin tí a lè kà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré tán, wọ́n lè kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iye náà pé: mo mú 600 nítorí pé báyìí-báyìí ni ẹ tà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó kọjá àti ní àsìkò yìí lọ́dún tó kọjá. Ká ní gbólóhùn yẹn wà níbẹ̀, ọ̀gá ọjà yín ì bá ti rí àṣìṣe Iléyá ní ìṣẹ́jú kan, kò ní nílò láti máa pariwo pé òun mọ ọjà.

Ẹ má gbàgbé ìtọ́jú o. Ilé-iṣẹ́ Digital Equipment ní Amẹ́ríkà ní ètò kan tó ń jẹ́ XCON, tó ń bá wọn to àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà VAX pọ̀ fún oníbàárà. Ó wúlò fún wọn gidigidi, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ọjà tuntun jáde ni òfin inú rẹ̀ ń di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ kan kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa tún un ṣe lọ. Tí wọ́n bá ta ètò fún yín tí wọn kò sọ ẹni tí yóò máa tún un ṣe, ìdajì ọjà ni wọ́n tà fún yín.

Agbẹjọ́rò_Súrùlérè fèsì pé:

Mo fẹ́ kí a padà sórí ọjà àwìn, nítorí gbogbo yín ti fò ó. Tòmátò kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n alátagbà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023, sọ ní abala 37 pé ènìyàn ní ẹ̀tọ́ pé kí a má ṣe fi ìpinnu tí ẹ̀rọ nìkan dá ṣe dè é, tí ìpinnu náà bá kan ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin tàbí tó bá kan ìgbésí ayé rẹ̀ gidigidi. Òfin náà yọ àwọn ọ̀nà kan sílẹ̀, bíi kí ẹni náà fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀ tàbí kí ó jẹ́ dandan fún àdéhùn tó wà láàárín yín, síbẹ̀ ó ṣì yẹ kí ẹni náà lè sọ pé kí ènìyàn wò ó, kí òun sì ta ko ìpinnu náà. Ìyá kan tí ẹ kò fún ní àwìn ní Oyíngbò, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì dúró lé àwìn yẹn, kò ní gbà kí ẹ sọ fún òun pé kọ̀ǹpútà ló kọ̀.

Ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ọ́fíìsì owó orí lo ètò kan láti yan àwọn òbí tí wọ́n fura sí pé wọ́n ń fi èrú gba owó ìtọ́jú ọmọ. Jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì wà lára ohun tó ń mú kí ètò náà fura sí ènìyàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ni wọ́n ní kí wọ́n dá owó padà láìṣẹ̀, ìjọba wọn sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ nítorí rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2021. Ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún wà níbẹ̀: ètò ìṣirò Horizon tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1999 ń fi hàn pé owó dín lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wọn bójú tó ọ́fíìsì kéékèèké, ilé ẹjọ́ gba ẹ̀rọ gbọ́, wọ́n sì dá ẹni tó lé ní 900 lẹ́bi. Ìgbà tó di 2019 ni ilé ẹjọ́ gíga tó sọ pé àbùkù wà nínú ètò náà, ìgbà tó di 2024 ni òfin tó fagi lé ìdálẹ́bi wọn tó jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti tẹlifóònù léraléra pé ìṣirò náà kò tọ̀nà. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbà wọ́n gbọ́.

Alátagbà_Bàlógùn fèsì pé:

Bàbá, mo gbà fún yín lórí ọ̀rọ̀ ìwé Màmá. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi Àǹtí Oníṣirò léèrè. Ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tí báǹkì ń ṣírò ní nǹkan bí 460 ti lé ní 1,500 kí oṣù Kejì 2024 tó parí. Kí ni àkọsílẹ̀ ọdún 2022 fẹ́ sọ fún ẹ̀rọ nípa irú ọdún bẹ́ẹ̀? Àwọn oníbàárà mi tó ń ra odidi páálí bẹ̀rẹ̀ sí í ra agolo mẹ́fà-mẹ́fà.

Oníṣirò_Yábàá fèsì pé:

Kò fẹ́ sọ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sì ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn wá. Ẹ̀rọ gbà pé ọ̀la yóò jọ àná. Nígbà tí ìdí tí ènìyàn fi ń ra nǹkan bá yí padà, àkọsílẹ̀ tó pọ̀ kò sàn ju èyí tó kéré lọ. Nígbà mìíràn ńṣe la máa ń gé ohun tó ṣáájú ọjọ́ náà dànù, a óò sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, n kò jẹ́ béèrè iye kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ìbéèrè Bàbá Màrínà ni mo máa ń béèrè: tí dọ́là bá dúró, iye wo? Tí ó bá tún fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ gòkè, iye wo? Tí iye méjèèjì kò bá jìnnà síra, a óò rà, a kò ní jiyàn. Tí wọ́n bá jìnnà síra, ìyẹn gan-an ni ohun tí ìpàdé wà fún.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kan hàn tí kò nílò ètò olówó ńlá rárá. Ká ní ẹ ń ta páálí mílíìkì 40 lóòjọ́, tó sì ń gba ọjọ́ 9 kí ọjà tó wọlé lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè rẹ̀. Páálí 360 ni ẹ óò tà láàárín ìgbà náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ètò yóò ní kí ẹ tún béèrè nígbà tí ohun tó kù bá di 360. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọ̀nà èbúté Àpápá mọ̀ pé ọjọ́ 9 lè di 15 láìsí ẹni tó ṣẹ̀. Ní ọjọ́ 15, ẹ óò ti fẹ́ ta 600. Àlàfo 240 yẹn ni ohun ìpamọ́ yín, ohun tó sì ń pinnu bó ṣe tóbi tó ni bí ọjọ́ ìdúró náà ṣe ń fò sókè tó ń bọ́ sílẹ̀, kì í ṣe ìpíndọ́gba rẹ̀. Ẹ wo inú ètò yín bóyá nọ́mbà ìdúró tó ń lò ti yí padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Mo lè fi owó lé e pé kò yí.

Lórí ìlànà tí ẹ fẹ́ kọ: ẹ kọ ohun tí ẹ̀rọ sọ, ohun tí ènìyàn sọ, ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan, àti ohun tó padà ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ jókòó kà á. Ẹ lè rí i pé ọ̀gá ọjà yín mọ tòmátò ju ẹ̀rọ lọ, tí ẹ̀rọ sì mọ mílíìkì jù ú lọ. Kò sí ìdí tí ẹnì kan yóò fi borí lórí ohun gbogbo.

Bàbá_Màrínà fèsì pé:

Ọmọbìnrin mi, ìmọ̀ràn rẹ dára, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tí mo mọ̀ yóò bà á jẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà. Ìwé tí a ń kọ orúkọ ẹni tó ta ko ẹ̀rọ sí, kíákíá ló ń di ìwé ẹ̀sùn. Mo rí i ní báǹkì nígbà tí wọ́n gbé ètò tó ń fún ayáwó ní máàkì wọlé. Òṣìṣẹ́ tó fún ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré lówó, tí owó náà sì há, gba kúérì. Òṣìṣẹ́ tó kọ oníbàárà rere nítorí máàkì, tí onítọ̀hún sì kó owó rẹ̀ lọ sí báǹkì òdìkejì títì, kò gba nǹkan kan, nítorí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé àdánù ṣẹlẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń ṣe ohun tí máàkì bá wí. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ; ibi tí ewu kò sí ni wọ́n gbà.

Nítorí náà, ọmọ mi ti Ìlúpéjú, ohun tí mo fẹ́ kí o gbé lọ bá ọ̀gá àgbà ni pé ẹni tó gba àbá ẹ̀rọ àti ẹni tó kọ̀ ọ́ ti ṣèpinnu bákan náà, kí orúkọ àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀. Tí páálí 600 bá kéré jù, kí wọ́n má sọ pé ẹ̀rọ ló ṣì í. Ẹnì kan ló tẹ bọ́tìnì. Bí ẹ bá fẹ́ fún ẹni tó kọ̀ ní kúérì, kí ẹ fún ẹni tó gbà náà. Bí ẹ kò bá fẹ́ fún èkejì, ẹ má fún èkíní.

Ọmọ_Ìlúpéjú fèsì pé:

Mo dúpẹ́ gidigidi, Bàbá, Àǹtí àti gbogbo yín. Ohun tí mo ti kọ sílẹ̀ nìyí, ẹ bá mi wò ó. Òróró, àti ọjà mìíràn tí iye rẹ̀ kì í yí púpọ̀, ẹ̀rọ ni yóò máa pinnu rẹ̀, èmi yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àkókò Iléyá, ààwẹ̀, Kérésìmesì, àti ìgbà tí owó dọ́là tàbí epo bá ṣàdédé yí, ìpàdé kúkúrú ni yóò pinnu; ẹ̀rọ yóò mú iye tirẹ̀ wá pẹ̀lú ìdí, ọ̀gá ọjà yóò mú tirẹ̀ wá pẹ̀lú ìdí, a óò sì kọ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i lọ́nàkọnà. A óò máa kọ ọjọ́ tí ọjà kò sí nílẹ̀ àti ohun tí oníbàárà béèrè tí kò rí. Lórí àwìn, ẹ̀rọ kò ní kọ ẹnikẹ́ni. Yóò kàn to orúkọ ni, ènìyàn yóò wò ó, alátagbà tí kò bá tẹ́ lọ́rùn sì lè wá rí wa. Mo tún ní kí wọ́n tú bọ́tìnì aláwọ̀ ewé yẹn sí ọjà kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan ló kù. Nígbà tí mo ń wá àkọsílẹ̀ mílíìkì láti fi ṣe ìṣirò Àǹtí, mo rí ọjà kan náà ní orúkọ mẹ́ta: "Mílíìkì ńlá", "MLK 400" àti "milk big tin". Ṣé ìyẹn lè ba nǹkan jẹ́?

Alátagbà_Bàlógùn fèsì pé:

Màmá kì í pe oníbàárà kan ní orúkọ mẹ́ta o. Mo kàn ní kí n sọ.

Kóòdù_Ìkẹjà fèsì pé:

Ó ti ba nǹkan jẹ́ tipẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ rò pé ọjà mẹ́ta ni, kò sì rí èyíkéyìí nínú wọn tà dáadáa. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ìyà mílíìkì oṣù Kejìlá yín ti bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ bá wo orúkọ kan, ọjà dà bí ẹni pé ó ti tán nígbà tó wà nílẹ̀ lábẹ́ orúkọ kejì. Ẹ má tíì gbé ìlànà yín lọ sí ìpàdé kí ẹ tó tún èyí ṣe. Ẹ tẹ gbogbo orúkọ ọjà jáde sórí Excel, kí ẹ tò ó ní a-b-d, kí ẹ̀yin àti ẹnì kan tó mọ ilé ìkẹ́rùsí jókòó tì í, kí ẹ fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà kan ṣoṣo, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá tún fẹ́ fọwọ́ kọ orúkọ tuntun sínú rẹ̀. Nọ́mbà tó wà lára páálí, èyí tí ẹ̀rọ ń kà, ni kí ẹ lò. Tí ẹ bá parí ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n tún ètò náà ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi iye tuntun tó bá mú wá ránṣẹ́ síbí, kí Àǹtí bá wa wò ó.